Mímọ̀ àti Gbígbàgbọ́: Ìtàn Ọgbọ́n Ìwádìí lórí Ìmọ̀ Ìbílẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń kọ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí, orí tí ó dá lórí ọgbọ́n ìwádìí ni wọ́n sábà máa ń yára kọ jù. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti sọ pé òun lọ sí ìlú báyìí, òun fi ọ̀rọ̀ wá àgbà márùn-ún lẹ́nu wò, òun sì fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ojú-ìwé méjì ti tó. Ó di orí tí ó kàn. Ohun tí ó wà lábẹ́ ojú-ìwé méjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ta ni àgbà tí a fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò? Nínú ohun tí ó sọ, èwo ni ó fojú rí, èwo ni ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ wo ni a fi bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ wo ni a sì fi túmọ̀ èsì rẹ̀? Bí orí yìí bá mẹ́hẹ, gbogbo orí tí ó tẹ̀ lé e ti mẹ́hẹ náà nìyẹn, bí ó ti wù kí èdè inú wọn dùn tó.

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní ìtàn. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn aṣèwádìí, ọmọ ilẹ̀ àti àlejò, ti ń wá ọ̀nà láti kọ ìmọ̀ àwọn Yorùbá sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà ni ó pinnu ohun tí ó rí àti ohun tí ojú rẹ̀ fò.

Láti ẹnu ta ni?

Samuel Johnson kì í ṣe àlejò. Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1846, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni ní orírun, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti àlùfáà ìjọ ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà, ó wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1886. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù lẹ́yìn tí ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó fún títẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ìwé náà yóò rí i pé ẹ̀rí oríṣi méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn àwọn ọba àtijọ́ ti ẹnu àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ wá. Ìtàn ogun àwọn ọdún 1870 àti 1880 ti ojú Johnson fúnra rẹ̀ wá, àti ti ojú àwọn tí ó bá a gbé láyé. Ohùn kan náà ni ó fi sọ méjèèjì, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi ń gba méjèèjì bákan náà. Bẹ́ẹ̀, arọ́kin kì í ròyìn fún ọba ẹlòmíràn. Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì inú ìwé náà jẹ́ èyí tí a rí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin Ọ̀yọ́. A kò lè dá Johnson lẹ́bi fún èyí, nítorí òun kò fi orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Àwọn tí ó ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ láì bèèrè orísun ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Nígbà tí a dá ètò ìwádìí lórí ìtàn Yorùbá sílẹ̀ ní ọdún 1956 lábẹ́ àkóso Sàbúrì Bíòbákú, ara ohun tí ó fẹ́ tún ṣe nìyí: kí ìtàn ìlú kan má jẹ́ ti ẹnu ìlú mìíràn nìkan, kí ẹ̀rí àwọn awalẹ̀pìtàn àti ti àwọn onímọ̀ èdè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Ọ̀nà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, gbà yàtọ̀ pátápátá. Ní ìparí ọdún 1910 ni ó dé Ilé-Ifẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá. Ògbufọ̀ ni ó gbára lé. Owó ni ó fi ń ṣí ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì kó àwọn orí amọ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn. Nígbà tí ẹjọ́ dé etí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sì gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan orí idẹ tí a mọ̀ sí Orí Olókun. Ohun tí ó kọ lẹ́yìn náà ni pé iṣẹ́ ọnà tí òun rí kò lè jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí òun bá níbẹ̀. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú àlọ́ àwọn Gíríìkì, ni ó ni ín. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Frobenius rí orí náà dáadáa. Ẹwà rẹ̀ kò fara sin fún un. Àwọn ènìyàn tí ó dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n sì mọ orúkọ Olókun, ni kò kà sí ẹni tí ó lè mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó ti ní èsì lọ́wọ́ kí ó tó bèèrè ìbéèrè.

Gbígbé láàárín wọn

Láàárín ọdún 1915 sí 1918, Bronislaw Malinowski gbé ní erékùṣù Trobriand, ó kọ́ èdè wọn, ìwé tí ó sì kọ ní ọdún 1922 ni ó sọ gbígbé láàárín ènìyàn di òṣùwọ̀n iṣẹ́ antirọpọ́lọ́jì. Ẹni tí ó gbé irú ọ̀nà yìí wọ Ilé-Ifẹ̀ ni William Bascom, akẹ́kọ̀ọ́ Melville Herskovits ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà. Ó dé ní ọdún 1937, ó sì wà níbẹ̀ wọ ọdún 1938. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá kò jáde títí di ọdún 1969. Ohun tí ó mú ìwé náà wúlò títí di òní ni pé ó tẹ àwọn ẹsẹ Ifá ní Yorùbá, ó sì fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lè padà sí ọ̀rọ̀ babaláwo fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ kò fún òǹkàwé ní àǹfààní yìí.

Ìgbà tí ó wà ní Ifẹ̀ náà ni àwọn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí ó di ìlúmọ̀ọ́ká kárí ayé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938. Bascom ra méjì nínú wọn, ó sì gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950 ni ó dá wọn padà sí Nàìjíríà. Dídá tí ó dá wọn padà yẹ kí a kà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí a tó yìn ín, ó tọ́ kí a rántí pé aṣèwádìí tí ó wá kọ́ ìmọ̀ ni ó ra ohun tí ìmọ̀ náà so mọ́ lọ.

Ní ọdún 1951, Bascom padà wá, ó bá awo kan tí ń jẹ́ Ṣàlàkọ́ pàdé ní Ọ̀yọ́, ó sì gba gbogbo ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún tí Ṣàlàkọ́ mọ̀ sínú ẹ̀rọ. Èyí ni ó di ìwé rẹ̀ lórí ẹẹ́rìndínlógún ní ọdún 1980. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe oníbèéèrè. Kò sí aláìsàn níwájú awo lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ rìnrìn àjò, kò sí ẹbọ tí a fẹ́ rú. Ẹsẹ tí a kà fún ẹ̀rọ ní odidi, nínú èyí tí kò sí ẹni tí ó dá awo dúró pé ‘ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà’, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹsẹ tí a kì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní kí ìyàwó kan sun ẹkún ìyàwó fún òun ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ó ti wọ ilé ọkọ, ń ṣe ohun tí Bascom ṣe. Kò burú, bí ó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan rò pé bí a bá wọ inú awo, ìṣòro yìí yóò tán. Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé tí ó fi Bàhíà ní Bràsíìlì ṣe ilé láti ọdún 1946, di babaláwo ní Kétu ní ọdún 1953, wọ́n sì fún un ní orúkọ Fátúmbí. Láti inú ipò yìí ni ó ti kó ìmọ̀ ewé jọ. Ìwé rẹ̀ tí ó tóbi jù lórí ewé jáde ní ọdún 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ yẹ kí ó jẹ olùkọ́ èdè Yorùbá lógún: pé orúkọ ewé àti ọfọ̀ tí a ń pè sí i so pọ̀ nípa ìró àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú orúkọ náà. Aṣèwádìí tí ó bá kọ orúkọ ewé ní èdè Látìn nìkan, tí ó sì ju orúkọ Yorùbá nù, ti ju ìdajì ìmọ̀ náà nù, nítorí orúkọ ni ó ń ran onísègùn lọ́wọ́ láti rántí iṣẹ́ tí ewé ń ṣe.

Wándé Abímbọ́lá ní tirẹ̀ kò ní láti wọlé láti òde. Inú ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1968 àti 1969, tí a kọ ní Yorùbá fún òǹkàwé Yorùbá, sọ orúkọ àwọn babaláwo tí ó kọ́ ọ. Wọ́n fi hàn pé a lè ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ láì kọ́kọ́ gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kọjá.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó dá iṣẹ́ dúró

Iṣẹ́ tí ó tọ́ kí a dúró tì pẹ́ jù ni èyí tí Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Olúbí Ṣódípọ̀ ṣe ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1986. Ìbéèrè wọn dà bí èyí tí ọmọdé lè dáhùn: ǹjẹ́ ‘mọ̀’ ní Yorùbá àti ‘know’ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan náà? Ǹjẹ́ ‘gbàgbọ́’ àti ‘believe’ dọ́gba? Gbogbo ìwé atúmọ̀ èdè ní wọ́n dọ́gba. Hallen àti Ṣódípọ̀ kò gba ìwé atúmọ̀ èdè gbọ́, bí a bá lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré díẹ̀. Wọ́n tọ àwọn onísègùn lọ ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì bá wọn jíròrò fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe bí abẹ́nà-ìmọ̀ tí a kàn ń fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀, bí kò ṣe bí ẹlẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ ìrònú.

Àlàyé tí wọ́n rí gbà ni pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì yé, tí ó sì jẹ́rìí sí pé òótọ́ ni, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, tí ó gbà bí ó ti gbọ́ ọ, ìgbàgbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀: gbà, kí o sì gbọ́. Bí ẹni tí ó gbà á gbọ́ bá dán an wò, tí ojú rẹ̀ sì tó o, ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kà á nínú ìwé pé ayé ń yí oòrùn po yóò sọ pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Ní òṣùwọ̀n àwọn onísègùn wọ̀nyí, ó gbà á gbọ́ ni. Gbogbo ohun tí ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ, àyàfi èyí tí ó bá fojú ara rẹ̀ rí ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì, abẹ́ ìgbàgbọ́ ni ó bọ́ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ kan ti ń kọ ọ́ pé ènìyàn inú àwùjọ tí kò mọ ìwé máa ń gba ohun gbogbo tí àwọn baba sọ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí iṣẹ́ Hallen àti Ṣódípọ̀ ti gbún wọn lẹ́sẹ̀ nìyí. Ó jọ pé ìdíwọ̀n tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi ń pe nǹkan ní ìmọ̀ le ju ti àwọn tí ó ń fẹ̀sùn kàn wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i pé ‘àjẹ́’ kì í ṣe ‘witch’ àwọn Gẹ̀ẹ́sì: àwọn onísègùn sọ pé ẹni tí ó ní agbára náà lè fi ṣe rere, ó sì lè jẹ́ ọkùnrin.

Kò yẹ kí a gba iṣẹ́ yìí náà láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjà, ní ilé, ní ibi gbogbo ni a ti ń gbọ́ ‘mo mọ̀ pé yóò dára’, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí ọ̀la. Òṣùwọ̀n àwọn amòye ìlú kan lè yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, kò sì sí ìdí tí onísègùn Èkìtì fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún gbogbo ọmọ Yorùbá. Ìtàn èdè tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń túmọ̀ Bíbélì, tí odidi rẹ̀ jáde ní Yorùbá ní ọdún 1884, ‘ìgbàgbọ́’ ti di orúkọ ẹ̀sìn. Onígbàgbọ́ ni Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ti gbé ẹrù mìíràn rù.

Ẹrù yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń gbé lọ sí abúlé láì mọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ pé: ‘Ǹjẹ́ ẹ gbàgbọ́ nínú àbíkú?’ Bàbá àgbàlagbà tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ gbọ́ ìbéèrè náà bí ẹni pé wọ́n ń bi í bóyá ó ti padà lẹ́yìn Olúwa. Ó dáhùn pé rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ sàmì sí ‘rárá’, ó ṣírò rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, ó sì kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ nínú àbíkú ti ń kú lọ ní àgbègbè náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó bèèrè pé ‘Bàbá, kí ni ẹ fojú rí nípa rẹ̀, kí ni ẹ sì gbọ́?’, ó ṣeé ṣe kí bàbá náà jókòó dáadáa, kí ó sọ ti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà sọ fún un. Èsì méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ́kọ́ fún un kì í ṣe èsì sí ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun bèèrè.

Tata inú oko ẹ̀gẹ́

Àpẹẹrẹ mìíràn kò ti ọ̀dọ̀ awo wá rárá. Ní àwọn ọdún 1970, tata kan ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà. Paul Richards, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, wà lára àwọn tí ó lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1985. Ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ ti mọ bí kòkòrò náà ṣe ń dàgbà, ibi tí ó ń yé ẹyin sí, àti bí ìparun tí ó ń ṣe ti pọ̀ tó láti ọdún dé ọdún. Ìmọ̀ ni èyí ní òṣùwọ̀n tí ó le jù, nítorí ojú ni wọ́n fi rí i. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kòkòrò tún kọ́ ohun kan tí kò sí nínú ìwé wọn: àwọn ènìyàn ń jẹ tata náà, àwọn tálákà, pàápàá obìnrin àti ọmọdé, sì ń kó o tà. Ohun tí olóko ń pè ní àjálù jẹ́ owó ọbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé olóko ọkùnrin nìkan ni wọ́n bi léèrè, ‘báwo ni a ṣe lè pa á?’ nìkan ni wọn ì bá gbọ́.

Karin Barber bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970 kan náà, ó sì fi í ṣe ìwé ní ọdún 1991. Àwọn obìnrin ni wọ́n mọ oríkì jù; ìtàn tí ó ń tú oríkì sí wẹ́wẹ́ sábà máa ń wà lẹ́nu àwọn àgbà ọkùnrin. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan láì gba èkejì, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó ìmọ̀ ìdílé náà.

Orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn aṣèwádìí wọ̀nyí kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Hallen àti Ṣódípọ̀ fi orúkọ àwọn onísègùn wọn bò. Kò sí ọ̀kan tí a lè tọ́ka sí nínú ìwé náà. Abímbọ́lá dárúkọ àwọn babaláwo rẹ̀. Bascom dárúkọ Ṣàlàkọ́. Ìdí wà fún ìhà méjèèjì. Onísègùn tí ó sọ ohun tí ó mọ̀ nípa àjẹ́ lè bá ìjàngbọ̀n pàdé láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ tàbí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Babaláwo tí ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe odidi ìwé, tí orúkọ ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn ìwé náà, ti pàdánù ohun tí ó lé ní owó. Láti ọdún 2005 tí àjọ UNESCO ti kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún àjogúnbá gbogbo ẹ̀dá, àti láti ọdún 2010 tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe àdéhùn Nagoya, èyí tí ó ní kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ìmọ̀ ewé àti igi kí a tó lò ó, kí a sì bá wọn pín èrè ibẹ̀, ìbéèrè náà ti di ti òfin pẹ̀lú.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ to orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé ó bi ẹnì kan nínú wọn bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ kí a bi wọ́n, ní Yorùbá tí ó yé wọn, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn: ‘Ṣé kí á dárúkọ yín, àbí kí á má ṣe bẹ́ẹ̀?’ Bí ìyá arúgbó kan bá ní kí wọ́n kọ orúkọ òun, kí wọ́n fi oríkì òun sí i, ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ nínú àtẹ náà ni kí oríkì ọ̀hún wà, kí àmì ohùn rẹ̀ sì pé.